Wọ́n ní kíyàwó padà wá fún àyẹ̀wò, lọkọ bá ní: 'Ta ló kó àrùn ràn ẹ́?'

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan wà táwọn ìyá kì í fẹ́ sọ síta. Òun ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan ń ta gàrí ní Mọníyà. Ara ẹ̀ le, ibì kankan ò dùn ún. Àwọn nọ́ọ̀sì wá ṣe àyẹ̀wò, òun náà sì ṣe é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí i: 'Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá.' Wàhálà dé! Ọkọ ní ta ló kó àrùn ràn án. Ìyá ọkọ ní wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ ẹ̀ ni. Alágbo àdúgbò ní òun ní àgúnmu tó máa wẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ìyá yìí bá wá jókòó sílé, tí ò lọ mọ́, ibẹ̀ lewu wà.

Kòkòrò tó ń fà á ni wọ́n ń pè ní HPV, ìbálòpọ̀ ló sì máa ń gbé e kiri. Dókítà ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló tú àṣírí ẹ̀ ní nǹkan bíi 1983 sí 1984, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 2008.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tilé wa níbí. Wọ́n yẹ obìnrin 932 wò ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2004. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, bíi 26 ló ní kòkòrò náà lára, púpọ̀ nínú wọn ni ẹnu ilé ọmọ wọn ò sì tíì ní nǹkan kan. Ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin! Ṣé gbogbo wọn ló ń ṣèṣekúṣe ni? Rárá o. Kòkòrò náà lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè jẹ́ pé lára ọkọ ló ti wá, kóun náà má mọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin baba, ẹ má fi èsì àyẹ̀wò tú ilé yín ká.

Ara ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń lé e lọ fúnra ẹ̀. Èyí tó bá kọ̀ tí ò lọ ló lè di jẹjẹrẹ, ó sì sábà máa ń gbà tó ọdún 15 sí 20. Bó bá jẹ́ ẹni tí kòkòrò HIV wà lára ẹ̀, tí ò sì gba ìtọ́jú, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe èèyàn padà: àsìkò ṣì wà.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, wọ́n lè fi fínígà pa ẹnu ilé ọmọ, kí wọ́n wo ibi tó bá funfun. Bó bá kéré, wọ́n lè fi òtútù tàbí ooru pa á, nígbà míì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bó bá fẹ̀ díẹ̀, wọ́n lè fi wáyà oníná gé e kúrò. Wọn ò yọ ilé ọmọ, ọ̀pọ̀ ló sì ń bímọ lẹ́yìn ẹ̀. Ìgbà tó bá ti di jẹjẹrẹ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ńlá àti ìtànṣán ń wọlé.

A mọ̀ pé owó ọkọ̀ wà nínú ẹ̀. Láti Àkànrán tàbí Ìyànà Ọ̀fà, ìgboro ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn lọ, ọjọ́ ọjà á sì bọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti béèrè: Ìgbà wo lèsì máa dé? Eélòó ni? Ṣé wọ́n lè tọ́jú mi lọ́jọ́ kan náà? Tí wọ́n bá tọ́jú yín tán, ẹ tún padà lọ lẹ́yìn ọdún kan.

Àjọ ìlera àgbáyé ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò lọ́dún 30, kẹ́ni tó ní HIV bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 25. Àwọn ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14 náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fẹ́ tiwọn, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní October 2023.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Màmá, bí wọ́n bá pè yín padà, ẹ lọ. Baba, ẹ sìn wọ́n lọ.