Ẹ̀ṣọ́ Tó Ń Gbèjà Ọ̀tá: Iṣẹ́ Purotéènì Ìgbà Ìnira Nínú Jẹjẹrẹ Ọpọlọ

Oṣù Keje ọdún 2017 ni àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní glioblastoma wà nínú ọpọlọ Sẹ́nétọ̀ John McCain ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó gba ìtọ́jú onítànṣán, ó sì lo oògùn jẹjẹrẹ. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 2018, ó jáde láyé. Irú àrùn yìí kan náà ló pa Beau Biden, ọmọ Joe Biden, ní 2015.

Kí ló mú kí àrùn yìí le tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ó máa ń ta gbòǹgbò wọ inú ọpọlọ tó yí i ká, nítorí náà, abẹ oníṣègùn kì í lè kó gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ìdí kan tún wà tí a kì í sábà gbọ́: àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ní ẹ̀ṣọ́, inú ara wa gan-an ni wọ́n sì ti rí i.

Orí eṣinṣin èso ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Ítálì kan, Ferruccio Ritossa, ń yẹ sẹ́ẹ̀lì ìdin eṣinṣin wò nígbà tí ẹnìkan ṣèèṣì fi kún ooru àpótí tí wọ́n kó wọn sí. Nígbà tí Ritossa wojú ẹ̀rọ amúǹkantóbi, ó rí i pé ibi tí kì í wú tẹ́lẹ̀ ti wú lára okùn àbùdá wọn: ooru ti jí àwọn àbùdá kan tó ń sùn. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1962. Ní 1974 ni àwọn mìíràn wá rí àwọn purotéènì tí ooru náà ń mú jáde. HSP ni wọ́n ń pè wọ́n, nọ́ńbà tó sì tẹ̀lé orúkọ náà, bíi 27, 70 tàbí 90, ń sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó.

Ẹ wo ẹyin adìẹ. Funfun inú rẹ̀ ń ṣàn, ṣùgbọ́n tí a bá sè é, á dì gbagidi, torí pé ooru ti tú àwọn purotéènì inú rẹ̀, wọ́n sì ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Purotéènì dà bíi gèlè: aṣọ gbọọrọ lásán ni títí a óò fi wé e, bó bá sì tú, kò wúlò fún òde mọ́. Àwọn HSP ni ọwọ́ tó ń wé e, tó sì ń tún un wé nígbà tí ooru, májèlé tàbí àìtó ọ́síjìn bá tú u. Èyí tí kò bá ṣeé tún wé mọ́, wọ́n á fà á lé àwọn tó ń gé e wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Láìsí wọn, a ò lè wà láàyè.

Inú ìnira ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń gbé tọ̀sán tòru. Ó ń pọ̀ sí i ju ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè gbé ọ́síjìn àti oúnjẹ dé lọ, púpọ̀ nínú purotéènì rẹ̀ sì jẹ́ àbùkù. Ó yẹ kó kú. Ṣùgbọ́n HSP90 ń di àwọn purotéènì tó ń pàṣẹ pé kí ó máa dàgbà mú kí wọ́n má baà tú, títí kan EGFR tó sábà máa ń pọ̀ jù nínú glioblastoma. HSP70 àti HSP27 sì ń dí ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ fi ń pa ara rẹ̀. Nígbà tí ìtànṣán tàbí oògùn bá dé, ìnira mìíràn ló jẹ́ fún un, ẹ̀ṣọ́ á sì tún pọ̀ sí i.

Nítorí náà ni àwọn olùwádìí ṣe ń lépa ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Ní 1994, wọ́n rí i pé geldanamycin, tí kòkòrò inú erùpẹ̀ ń pèsè, ń so HSP90 lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Orílẹ̀-èdè Japan fọwọ́ sí oògùn irú rẹ̀ kan, pimitespib, ní 2022, àmọ́ kókó inú ìfun àti ikùn ni wọ́n ń lò ó fún. Ti ọpọlọ le jù, nítorí pé odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ tí ọ̀pọ̀ oògùn kò lè kọjá.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n yọ ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní gp96 láti inú kókó aláìsàn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àmì jẹjẹrẹ tó rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì gún un padà sí i lára kí ọmọ ogun ara lè dá ọ̀tá mọ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2014, lórí aláìsàn 41, múni nírètí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò pẹ̀lú oògùn bevacizumab, tí wọ́n sì fi wé àwọn tó lo bevacizumab nìkan, kò fi kún ọjọ́ ayé àwọn aláìsàn.

Ìwádìí kan lórí aláìsàn 573, tó jáde ní 2005, ni ìtọ́jú òde òní dúró lé. Ìdajì àwọn tó gba ìtànṣán nìkan ti kú kí oṣù 12.1 tó kọjá. Ti àwọn tó fi oògùn temozolomide kún un jẹ́ oṣù 14.6. Títí di òní, ìtọ́jú yẹn ṣì ni ìpìlẹ̀, kò sì tíì sí oògùn kankan tó ń kọlu HSP tí wọ́n fọwọ́ sí fún jẹjẹrẹ ọpọlọ.