Àdá Oko àti Idà Ọba ní Gánà

Kò sí àgbẹ̀ kòkó ní Gánà tí kò ní àdá. Òun ni wọ́n fi ń ṣán igbó, òun náà ni wọ́n fi ń la kòkó. Ìgboro Accra kò gbẹ́yìn. Ní àdúgbò Dansoman níbẹ̀, ẹni tó ń ta àgbọn tútù á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, á máa yí i díẹ̀díẹ̀ bí àdá ṣe ń bẹ èèpo rẹ̀, títí ẹnu rẹ̀ á fi là. Bí oníbàárà bá ti mu omi tán, á là á sí méjì, á sì gé èèpo pẹlẹbẹ kan fún un kí ó fi ha inú rẹ̀ jẹ.

Imú irú àdá bẹ́ẹ̀ fẹ̀, ó sì wúwo. Ìwúwo yìí ló ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n bá fi ṣá nǹkan.

Afena, idà àwọn Àṣáńtì, fara jọ àdá yìí, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Irin rẹ̀ tẹ̀, ó fẹ̀ lápá imú, wọ́n sì máa ń dá ihò ọnà sí i lára. Igi olórí roboto méjì ni èkù rẹ̀, wúrà pẹlẹbẹ ló sì máa ń bò ó. Kì í sábà mú, torí pé àmì àṣẹ ni. Ìránṣẹ́ ọba á mú un dání kí wọ́n lè mọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Èyí tí Asantehene, ọba Àṣáńtì, fi ń búra nígbà tó bá gorí oyè ni Mpomponsuo.

Àwọn Òyìnbó ti ń kó iṣẹ́ ọnà Àṣáńtì jọ tipẹ́. Thomas Bowdich, ará Gẹ̀ẹ́sì, dé Kùmásì, olú ìlú Àṣáńtì, ní 1817, ohun tó kó bọ̀ sì wọ British Museum. Ní 1874, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin ní ìkógun. Ní 2024, ilé àkójọ méjì ní Lọ́ńdọ̀nù yá Kùmásì ní ohun ọ̀ṣọ́ ọba 32.

Àdá oko náà ní àwọn tó ń kó o jọ. Àwòrán ọ̀nì tí ilé iṣẹ́ Martindale ti Birmingham máa ń tẹ̀ sára irin ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà bí ìpọ́n ṣe jẹ ojú rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin 1969, ẹni tó bá fẹ́ mú ohun àtijọ́ jáde ní Gánà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Ghana Museums and Monuments Board.