Ìgbẹ́ Gbuuru Ọmọdé: Kí Ló Ń Dá Wa Dúró?

"Eyín ló fẹ́ hù, yóò lọ fúnra rẹ̀." Ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Kano tàbí ní Accra, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì nínú ilé Yorùbá tí ọmọ ọwọ́ bá ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru wà lára àwọn àìsàn tó ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jù lọ lágbàáyé. Kì í ṣe pé àwọn òbí kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Ohun tó ń fà wọ́n sẹ́yìn ló pọ̀.

Ẹ̀sùn tí a fi kan eyín

Lóòótọ́, eyín àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ nígbà tí ọmọ bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Àmọ́ àsìkò yìí kan náà ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ògì, tó ń rá káàkiri ilẹ̀, tó sì ń ki gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà bọ ẹnu. Kòkòrò inú omi, oúnjẹ àti ìdọ̀tí ilẹ̀ ló ń fa ìgbẹ́ náà. Eyín kàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni.

Owó àti àṣẹ

Ìyá mìíràn ti rí i pé ara ọmọ kò yá, ṣùgbọ́n ó ń dúró de ìgbà tí baba ọmọ yóò ti ibi iṣẹ́ dé, tàbí kí ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹlòmíràn kò lówó ọkọ̀, tàbí kò lè ti ìsọ̀ pa kó lọ jókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán ní ọsibítù. Kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé ló máa ń yá. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n sì sábà ń tà fúnni níbẹ̀ kò ran púpọ̀ nínú ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, nítorí fáírọ́ọ̀sì ló sábà ń fà á.

"Ṣúgà á fa jẹ̀díjẹ̀dí"

Ẹ̀rù yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn kan fún ọmọ ní ORS. Àwọn mìíràn fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rí i pé ìgbẹ́ kò dá, wọ́n sì pa á tì. ORS kì í dá ìgbẹ́ dúró. Omi àti iyọ̀ tó ń jáde lára ọmọ ló ń dá padà. Omi tó tán lára ló ń yára pa ọmọ. Ìwọ̀nba ṣúgà inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìfun lè fa iyọ̀ àti omi náà sára.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Tí ọmọ bá ti yàgbẹ́ olómi tó ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ORS lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ fi wọn omi tí ẹ ó fi pò ó. Tí kò bá sí, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí, kó má ga ju etí ṣíbí lọ, mọ́ lítà kan omi tó mọ́. Ẹ má dá ọmú àti oúnjẹ dúró. Ẹ béèrè síǹkì ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ 10 sí 14 ni ọmọ ń lò ó, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá.

Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí:

- ojú ọmọ jìn wọnú, tàbí ó ń sunkún láìsí omijé;
- ibi rírọ̀ àárín orí rẹ̀ wọlé;
- ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, tàbí kò lè mu nǹkan;
- gbogbo ohun tó mu ló ń bì;
- ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́.

Ìdáàbòbò náà wà. Àjẹsára rotavirus, tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, wọ ètò àjẹsára ní Ghana ní 2012, ó sì wọ ti Nàìjíríà ní 2022.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí àdéhùn ti wà nílẹ̀ ṣáájú àìsàn: ibi tí ORS wà, ibi tí owó ọkọ̀ wà, àti pé ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láṣẹ láti gbé e lọ láìbéèrè. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.