Ọjà Tó Kọṣẹ́ Lẹ́yìn Tí Ẹ Sanwó: Ìwé Ìlàlóye fún Oníbàárà ní Ìkẹjà àti Agége

Àkọlé ara ògiri

Bí ẹ bá wọ Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí ọjà Ògbà, tàbí tí ẹ gba Pen Cinema kọjá ní Agége, ẹ ó rí i lára ògiri ṣọ́ọ̀bù: "A kì í gba ọjà padà, a kì í dá owó padà." Àwọn kan fi ọ̀dà pupa kọ ọ́. Ní àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ wínníwínní sísàlẹ̀ rìsíìtì níbi tí ojú kì í tètè dé. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó jáde ṣíftì ní Ọba Akran, tó fi owó oṣù ra fáànù tí kò yí dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, ló ti torí àkọlé yìí gba kámú. Wọ́n gbé fáànù náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì tún yá owó ra òmíràn.

Àkọlé yẹn kì í ṣe òfin. Òfin tó wà nílẹ̀ ni èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òun ló gbé àjọ FCCPC kalẹ̀ dípò àjọ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Consumer Protection Council. FCCPC sì ti kéde ní gbangba pé àkọlé "kò sí owó dídá padà" lòdì sí òfin náà, ó tọ́ka sí abala 104, 120 àti 129. Oníṣọ́ọ̀bù lè kọ ohun tó bá wù ú sára ògiri ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa kò lè pa ẹ̀tọ́ tí òfin fún yín rẹ́.

Ìgbà tí owó yín gbọ́dọ̀ padà

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin kò sọ pé gbogbo ohun tí ẹ bá rà ni ẹ lè dá padà. Bí ẹ bá ra bàtà, tí ẹ délé tí àwọ̀ rẹ̀ kò wù yín mọ́, tàbí tí ẹ rí irú rẹ̀ ní Ìyánà-Ìpájà ní owó pọ́ọ́kú, àánú ọlọ́jà lẹ ń wò. Ó lè gbà á padà, ó sì lè kọ̀. Ibi tí òfin ti dúró tì yín ni ibi tí ọjà bá ti lábùkù tàbí tó lè ṣeni léṣe, àti ibi méjì mìíràn tí abala 122 dárúkọ.

Ti àkọ́kọ́ ni pé ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọjà náà ṣe fún ẹni tó tà á, ó gbé e fún yín, kò sì bá iṣẹ́ náà mu. Ká ní ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní Dọ̀pẹ̀mú lọ ra jẹnẹrétọ̀, tó sì ṣàlàyé pé fíríìsà ńlá ni òun fẹ́ fi gbé. Ọlọ́jà ní, "Màmá, á gbé e, ẹ fọkàn balẹ̀." Wọ́n délé, bí fíríìsà bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí, jẹnẹrétọ̀ á kú. Jẹnẹrétọ̀ yẹn lè má lábùkù kankan, ó kàn kéré ju ẹrù tí wọ́n gbé lé e lọ ni. Síbẹ̀ ìyá náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà, kó sì gba owó rẹ̀ pé, nítorí pé ó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe kó tó sanwó. Bí ó bá panu mọ́, tó kàn na ìka sí èyí tó wù ú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa sọ ọ́ síta. Bó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ ti ń ná ọjà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kúrò lórí fóònù yín.

Ti èkejì ni ọjà tí ẹ kò rí yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e wá: èyí tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta aṣọ lórí Instagram, tí ọlọ́kadà sì gbé dé ẹnu ọ̀nà. Bí ohun tó wà nínú ọ̀rá kò bá jọ àwòrán àti àpèjúwe tí wọ́n fi tà á, ẹ lè kọ̀ ọ́, kí ẹ sì gba owó yín padà. Ọlọ́kadà tó ń kánjú lè ní kí ẹ kọ́kọ́ buwọ́ lùwé kí ẹ tó tú u. Ẹ tú u lójú rẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é. Bí kò bá dúró, ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń tú u.

Iye ọjọ́ ńkọ́? Òfin kò dárúkọ ọjọ́ mélòó, ohun tó sọ ni àkókò tó bójú mu. Búrẹ́dì Agége tó ti bu nígbà tí ẹ rà á, ọjọ́ náà ni kí ẹ dá a padà. Ẹnikẹ́ni kò ní í dá yín lóhùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí ọkùnrin kan rà, tó wá rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan kó tó tan án, ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. "Ọjọ́ méje" tàbí "wákàtí mẹ́rìnlélógún" tí ẹ ń rí lára rìsíìtì, ìlànà ilé ìtajà ni. Bí ẹ bá lè tètè lọ kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ lọ, kí àríyànjiyàn lè dín kù.

Ọlọ́jà sì fẹ́ràn láti sọ pé, "Ẹ mú nǹkan mìíràn ní iye owó náà." Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbà á, kò burú. Ṣùgbọ́n níbi tí abala 122 bá ti dé, owó pípé ni òfin dárúkọ. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi pàṣípààrọ̀ ká yín lọ́wọ́ kò.

Fóònù, láptọ́ọ̀pù àti ọjà tòkunbọ̀

Computer Village ni ibi tí ẹ̀sùn irú èyí ti ń hó jù ní agbègbè wa, kò sì yani lẹ́nu. Ọjà tuntun, ọjà tòkunbọ̀ àti ọjà tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n tún tò pọ̀ wà lórí tábìlì kan náà, gbogbo wọn sì ń dán. Abala 117 ti òfin náà pàṣẹ pé ẹni tó bá ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn kedere pé bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá ta tòkunbọ̀ bíi tuntun ti rú òfin. Ẹni tó bá ta tòkunbọ̀ bíi tòkunbọ̀ kò jẹ̀bi nǹkan kan, oníbàárà kò sì lè retí kí bátìrì rẹ̀ pẹ́ bíi ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí.

Ìgbà tí ẹ bá ṣì wà nídìí tábìlì, tí owó ṣì wà lápò yín, ni agbára yín pọ̀ jù. Ẹ tẹ *#06# kí nọ́ńbà IMEI jáde, kí ẹ fi í wé èyí tó wà lára páálí. Ẹ pe ẹnì kan, ẹ ya fọ́tò, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ kan gbogbo igun ojú fóònù náà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú rìsíìtì: tòkunbọ̀ ni, nọ́ńbà rẹ̀ nìyí, ẹ sì ní bó bá bàjẹ́ láàárín oṣù kan ẹ ó gbà á." Wárántì ẹnu lásán ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbàgbé. Ọlọ́jà tó bá mọ ohun tó ń tà kò ní í bínú sí ìbéèrè yìí. Èyí tó bá bínú ti fún yín lésì.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fa oníbàárà lọ́wọ́ lójú títì. Wọ́n á mú yín wọ ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n á lọ gbé ọjà wá láti ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ẹ ó sì san owó fún ẹnì kẹta. Nígbà tí ẹ bá padà wá, oníṣọ́ọ̀bù á ní òun kò mọ̀ yín rí, ó sì lè má purọ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ni kó gba owó, orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni kó wà lórí ìwé. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CAPDAN wà níbẹ̀. Ẹ lè fẹjọ́ sun wọ́n.

Rìsíìtì

Abala 118 sọ pé ọlọ́jà gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà: orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tà á, ọjọ́, ohun tí wọ́n tà, iye rẹ̀ àti àpapọ̀ owó. Bébà tí wọ́n kàn kọ "ẹrù, 45,000" sí kò tó. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ọjà. Bó bá jẹ́ rìsíìtì tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé ooru Èkó máa ń pa lẹ́tà rẹ́ kúrò lára bébà bẹ́ẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì dára láti fi kún un, àmọ́ owó nìkan ló ń fi hàn, kò sọ ohun tí ẹ rà.

Ká má fi igbá kan bọ̀kan nínú

Àwọn ọlọ́jà náà ní ẹ̀dùn ọkàn. A ti rí oníbàárà tó yọ bátìrì tuntun, tó ki èyí tó ti kú bọ ọ́, tó sì wá ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. A ti rí aṣọ tí wọ́n wọ lọ sí òde àríyá ní Sátidé tí wọ́n dá padà ní Mọ́ńdè, tí òórùn ọbẹ̀ ṣì ń jáde lára rẹ̀. Oògùn tó ti kúrò ní ilé ìtajà oògùn kò yẹ kó padà sórí pẹpẹ, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n fi í pamọ́ sí. Ẹ má bá apòògùn jà nítorí ìyẹn. Àmọ́ bí oògùn náà bá jẹ́ ayédèrú tàbí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, àjọ NAFDAC tó ń mójú tó oògùn ni kí ẹ fi tó létí.

Owó orí pẹpẹ, owó àsansílẹ̀, owó tó há

Bí súpámákẹ́ẹ̀tì bá kọ iye kan sórí pẹpẹ, tí ẹ̀rọ níbi ìsanwó wá pe iye tó jù bẹ́ẹ̀, iye orí pẹpẹ ni ẹ ó san. Bí iye méjì bá wà lára ọjà kan, èyí tó kéré ni. Abala 115 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó san owó sílẹ̀ fún àga tàbí ankárá tí wọn kò tíì gbé fún un lè fagi lé e lábẹ́ abala 120. Ọlọ́jà lè yọ owó díẹ̀ tó bójú mu nínú rẹ̀. Kò lè jẹ gbogbo rẹ̀.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ní àsìkò yìí ni owó POS tó kúrò lápò yín tí ọlọ́jà ní òun kò rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, nítorí ọ̀dọ̀ báńkì ni owó náà há sí. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ láti oṣù kẹfà ọdún 2020 pé kí báńkì yanjú ẹ̀sùn owó POS tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 72. Ẹ lọ bá báńkì yín, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, kí ẹ sì fi ọlọ́jà sílẹ̀ ná.

Bí wọ́n bá kọ̀

Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù náà lákọ̀ọ́kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò kò pọ̀, kí ẹ béèrè ẹni tó ni ín tàbí máníjà. Akọ̀wé tó jókòó nídìí ẹ̀rọ kò láṣẹ láti dá owó padà, ariwo tí ẹ bá pa mọ́ ọn kò sì lè fún un láṣẹ. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan: ohun tí ẹ rà, ọjọ́ tí ẹ rà á, ohun tó ṣe, iye owó tí ẹ fẹ́, àti ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín.

Lẹ́yìn èyí, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, LASCOPA, tí òfin ọdún 2014 dá sílẹ̀, lè pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó. FCCPC náà ń gba ẹ̀sùn. Lábẹ́ abala 155 ti òfin ọdún 2018, ẹni tó bá rú ẹ̀tọ́ oníbàárà lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5 jura tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí méjèèjì. Ti ilé-iṣẹ́ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: mílíọ̀nù 100 tàbí ìdá mẹ́wàá owó tó wọlé fún un lọ́dún. Ẹ̀ka ìlàjà ti ìjọba Èkó, Citizens' Mediation Centre, tún wà. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ìlàjà kò bá bọ́ sí i, Èkó ní ilé-ẹjọ́ fún owó kékeré, èyí tí Adájọ́ Àgbà Opeyemi Oke dá sílẹ̀ ní ọdún 2018. Owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ lè rojọ́ fúnra yín láìgba lọ́yà. Lẹ́tà tí ẹ kọ yẹn ṣe pàtàkì níbẹ̀, nítorí ilé-ẹjọ́ náà kò ní í gbọ́ yín láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó yín. Ilé-ẹjọ́ ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ fún un, SCA1 ni wọ́n ń pè é.

Ẹni tó bá rò pé mẹ̀kúnnù kò lè borí ilé-iṣẹ́ ńlá, kó gbọ́ èyí. Obìnrin kan ra fíríìjì oníkẹrosíìnì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Nigerian Bottling Company. Fíríìjì náà gbiná, ó sì jó o. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà, ní ọdún 1985 wọ́n sì dá obìnrin náà láre: ẹni tó bá ta ọjà fún iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ rí i pé ó yẹ fún iṣẹ́ náà. Òfin ọdún 2018 kò tíì sí nígbà náà. Òfin ọjà títà tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi jàre. Òfin yẹn ṣì wà nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ Èkó títí di òní, ẹ sì lè dárúkọ òun náà nínú lẹ́tà yín.