Kí Ìwé Yín Tó Kọjá Òkun

Ẹ̀yin ìyàwó wa ọ̀wọ́n, nígbà tí ọ̀kan nínú yín bá ń palẹ̀ mọ́ láti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, gbogbo agboolé ni í bá a di ẹrù. Ìyá á bu èlùbọ́ sínú ọ̀rá, ẹ̀gbọ́n á sáré dé Balógun lọ ra àǹkárá, àbúrò á sì máa wá okùn tí a ó fi di àpótí. Ìwé ni a kì í rántí. Ó di alẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú yóò gbéra kí a tó máa tú àpótí ìyá wò fún ìwé ìbí, bí a bá sì rí i, abẹ́ aṣọ ni a ó tì í sí, a ó ní ó parí. Kò parí o.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilẹ̀ Jámánì ṣe àpẹẹrẹ. Bí aya kan bá bímọ níbẹ̀, ilé ìwòsàn yóò fi tó ọ́fíìsì tí ó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀ ní ìlú náà létí. Ọ́fíìsì yìí yóò béèrè ìwé ìbí ìyá, ìwé ìbí bàbá, ìwé ìrìnnà àwọn méjèèjì, àti ìwé ìgbéyàwó wọn, pẹ̀lú ìtumọ̀ sí èdè Jámánì. Bí ìwé kò bá pé, tàbí bí ọ̀kan bá ń ta ko èkejì, wọ́n lè má yọ ìwé ìbí gan-an fún ọmọ náà. Ẹ̀dà ojú ewé ìwé àkọsílẹ̀ wọn ni wọn yóò fún un, wọn yóò sì kọ ọ́ sí i pé a kò tíì fi ìdí ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ múlẹ̀. Ọmọ tuntun kò dẹ́ṣẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n ìwé àkọ́kọ́ tí ó ní láyé ti ń sọ pé a kò mọ ìyá rẹ̀ dájú. Irú èyí a máa dun ìyá dé egungun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ògbufọ̀ ni yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ tí ilé ẹjọ́ Jámánì ti mú búra ni àwọn ọ́fíìsì ibẹ̀ máa ń fẹ́. Bí ẹ bá sanwó fún ẹnìkan ní Èkó kí ó bá yín túmọ̀ ìwé, owó náà lè gbé. Ohun tí ògbufọ̀ náà sì búra fún ni pé òun kò ní fi kún un, òun kò ní yọ kúrò níbẹ̀. Yóò túmọ̀ orí ìwé, yóò túmọ̀ òǹtẹ̀, yóò túmọ̀ ohun tí akọ̀wé fi ọwọ́ kọ sí etí ìwé. Àní bí a bá ti fa igi lé ọ̀rọ̀ kan, yóò sọ pé a fa igi lé e. Bí àṣìṣe bá wà nínú orúkọ yín, yóò kọ àṣìṣe náà bí ó ti rí, yóò sì lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ sí i. Èkó ni a ti ń tún ìwé Èkó ṣe.

Orúkọ ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Lẹ́tà wa tí ó ní àmì lábẹ́, èyíinì Ṣ, kò sí lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀pọ̀ akọ̀wé. Ẹnìkan á kọ Sade, ẹlòmíràn á kọ Shade. Lójú wa, Ṣadé ni àwọn méjèèjì. Ilé kéwú lè pe ọmọ ní Shukurat, kí ilé ìwé ìjọba kọ Sikirat, kí ìyá àgbà ní Ìdúmàgbò sì máa pè é ní Síkírá, kò sí ẹni tí yóò rí ohun tí ó burú níbẹ̀ ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó. Akọ̀wé tí ó jókòó ní ìlú òtútù yóò rí obìnrin mẹ́ta. Bí orúkọ ọkọ bá tún wà lórí ìwé kan, tí orúkọ bàbá ṣì wà lórí èkejì, ẹ kà á wò fúnra yín, ẹ ti di mélòó?

Ẹ kó gbogbo ìwé yín jáde, kí ẹ tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ ó máa gbà kọ orúkọ yín. Èyí tí ó wà lórí ìwé ìrìnnà ni ó rọrùn jù láti dì mú. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ búra ní ilé ẹjọ́ pé ẹnìkan náà ni ó ń jẹ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí, kí ẹ sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ẹ má ṣe gé ìkéde kékeré náà nìkan pamọ́. Odindi ìwé ìròyìn ni kí ẹ tọ́jú, nítorí orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó jáde.

Ẹ gba ẹ̀dà tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará Èkó fi ń búra irú èyí ní ilé ẹjọ́ gíga Ìgbóṣẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn tí ó tẹ̀ lé ìfẹ̀hónúhàn EndSARS, a dáná sun ilé náà, ọ̀pọ̀ ìwé sì di eérú. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà nílé nìkan ni ó rí nǹkan dì mú.

Ní ti ìwé ìbí, káàdì ilé ìwòsàn kì í ṣe ìwé ìbí, ìbáà jẹ́ ti Island Maternity tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí ayé. Láti ọdún 1863 ni òfin ti wà ní Èkó pé kí a máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyá wa ni ó ń fi ọdún Eyọ̀ tàbí ọdún tí ọba kan wàjà ka ọjọ́ orí ọmọ. Òfin 69 ti ọdún 1992 gbé iṣẹ́ náà fún Àjọ Ìkànìyàn. Bí a kò bá kọ ìbí yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ìwé ìjẹ́rìí ìbí ni ẹ ó lọ gbà lọ́dọ̀ àjọ náà. Fún ọmọ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 60 kọjá.

Yìgì tí àlùfáà so, ìgbéyàwó tòótọ́ ni. Ìdána tí ẹbí méjèèjì jókòó ṣe, ìgbéyàwó tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n akọ̀wé òkèèrè kò jẹ nínú obì náà. Ẹni tí kò bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba fún ìgbéyàwó, kí àwọn òbí rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ lọ búra ní ilé ẹjọ́ nípa ọjọ́ àti ibi tí a ti ṣe é. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó mẹ́ta, ti ìdána, ti yìgì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, àti ti ìjọba. Kí tọkọtaya fẹnu kò sí èyí tí wọn yóò máa kọ, kí bàálé má kọ ọ̀kan kí ìyàwó sì kọ òmíràn.

Ó di dandan kí a dárúkọ Olúwọlé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Erékùṣù Èkó mọ ohun tí a ń sọ. Ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, àdúgbò náà gbajúmọ̀ fún ayédèrú ìwé débi pé bí a bá fura sí ìwé kan níbikíbi ní Nàìjíríà, a ó ní, "Olúwọlé ni." Bí ẹnìkan bá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, tí ó ní òun yóò bá yín gba ìwé ìbúra láìjẹ́ pé ẹ wọlé, ẹ kọjá lára rẹ̀. Ayédèrú ìwé wà lára ohun tí ó mú kí àwọn aṣojú Jámánì ṣíwọ́ láti máa lu òǹtẹ̀ sí ìwé Nàìjíríà. Dípò rẹ̀, wọ́n ń rán ẹni tí wọ́n fọkàn tán lọ wádìí ìwé ní orísun rẹ̀. Ó lè dé ilé ẹjọ́, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ó sì lè dé agboolé yín gan-an. Ó máa ń gba oṣù púpọ̀, ìdílé tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó sì ń san owó rẹ̀.

Ẹ fojú inú wò ó. Àjèjì kan wọ kóòtù, ó gbé fáìlì dání, ó yà sí agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ń béèrè Folashade. Ìyá àgbà rò pé ọlọ́pàá ni, tàbí agbowó-orí. Nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "A kò mọ ẹnikẹ́ni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí." Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́, nítorí Àdùkẹ́ ni òun ń pè é láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ọ̀rọ̀ kan yìí lè ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ sọ fún àwọn àgbà ilé pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wá, kí ẹ kọ orúkọ yín tòótọ́ àti ọjọ́ ìgbéyàwó yín sílẹ̀ fún wọn.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni ó le báyìí. Ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba wa fi ń kọ ìwé ti tó. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni a fi kọ ọ́, ògbufọ̀ tí ó bá lè fọwọ́ sí i pé ìtumọ̀ òun pé, ó sì tọ̀nà, ni wọ́n ń béèrè. Àwọn oníṣòwò wa tí wọ́n bímọ sí Kútọnu ń gba ìwé ìbí ní èdè Faransé, òdìkejì rẹ̀ ni tiwọn: ilé ìwé ní Èkó ni yóò béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láàrin wa. Láyé ìgbà tí àwọn Àgùdà ń ti Bahia bọ̀ wá sí Pópó Àgùdà, ìwé òmìnira tí a kọ ní èdè Potogí ni àwọn kan nínú wọn gbé dání, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó di èdè ìjọba Èkó lẹ́yìn ọdún 1861.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti fẹnu kò ní ìlú Hague ní ọdún 1961 pé òǹtẹ̀ kan ṣoṣo yóò máa tó láàrin wọn. Títí di ọdún 2024, Nàìjíríà kò tíì dara pọ̀ mọ́ wọn. Nítorí náà ni ìwé wa fi ń gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òkèèrè kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ aṣojú orílẹ̀-èdè tí a ń lọ. Ẹ fi àkókò sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ṣe ìwé àṣẹ, kí ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà níbẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá yín tàbí àbúrò tí ó ní sùúrù, kí ó lè dúró fún yín ní kóòtù àti lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Kí ẹ kọ orúkọ yín sínú lẹ́tà náà gàdàgbà. Ẹ má ṣe sọ ọ́ lórí tẹlifóònù, nítorí ẹni tí ó gbọ́ Ṣadé lè tún lọ kọ Sade sílẹ̀ fún yín.