Ta Ló Mú Ìwé Àjọ Wa? Ohun Tí Steem àti Hive Kọ́ Wa

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de Twitter, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ síbẹ̀ kúrò. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà. Ẹ wò ó dáadáa o: ilé-iṣẹ́ kan lè pa ọ̀rọ̀ Ààrẹ rẹ́, ìjọba náà sì lè ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ yẹn mọ́ gbogbo wa. Àwa tí a ń tajà níbẹ̀, tí a ń wá iṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè.

Látìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé, “Ẹ jẹ́ ká kọ́ tiwa sórí blockchain, kò ní sẹ́ni tó lè tì í pa.” Ṣé òótọ́ ni? Àwọn kan ti gbìyànjú ẹ̀ ṣáájú wa, ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ láàárín wọn.

Kí ni blockchain gan-an?

Ní Ìgànná, ìlú wa, bí alájọ bá gba owó, á fàlà sínú ìwé tirẹ̀, á tún fàlà sórí káàdì oníbàárà. Bí ìwé alájọ bá jóná, káàdì wà nílé. Blockchain gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú sí i: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ní odindi ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló ń gbé àmì kan tí wọ́n fi ìṣirò fà yọ látinú ojú ewé tó ṣáájú rẹ̀. Bó o bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà lójú ewé kẹwàá, àmì tó wà lójú ewé kọkànlá kò ní bá a mu mọ́. Gbogbo ẹni tó ní ẹ̀dà ló máa mọ̀ pé ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án.

Ìjà tó ṣẹlẹ̀ lórí Steem

Ọdún 2016 ni Ned Scott àti Dan Larimer dá Steem sílẹ̀. O kọ ọ̀rọ̀, àwọn èèyàn dìbò fún un, ètò náà sì pín owó kírípítò tuntun fún ìwọ àtàwọn tó dìbò. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí ara wọn ni ojú ewé tuntun ń wọlé. Àwọn 20 tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́rìí ló wà nídìí iṣẹ́ ìkọ̀wé náà jù, ìbò ni wọ́n sì fi ń yàn wọ́n. Àmọ́ kì í ṣe ẹnìkan, ìbò kan. Bí owó tó o tì síbẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìbò ẹ ṣe wúwo tó.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Justin Sun, ọ̀gá Tron, ra ilé-iṣẹ́ Steemit, pẹ̀lú ìpín ńlá tí ilé-iṣẹ́ náà ní. Ẹ̀rù ba àwọn ẹlẹ́rìí, wọ́n dá ìpín náà dúró kó má bàa lè dìbò. Nígbà tó di oṣù kẹta, Binance, Huobi àti Poloniex fi owó tí àwọn oníbàárà gbé sọ́wọ́ wọn dìbò, wọ́n sì fi ẹlòmíì rọ́pò àwọn ẹlẹ́rìí. Binance àti Huobi padà fa ìbò wọn yọ, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn èèyàn ti kúrò níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe? Ẹ̀dà ìwé ṣáà wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n yọ ìpín ilé-iṣẹ́ náà kúrò, wọ́n sì ń bá ìwé náà lọ lábẹ́ orúkọ tuntun: Hive. Ẹni tó ti ń kọ̀wé lórí Steem bá orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí Hive, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ló sì fi wọlé. Lọ́dún 2021, ta ló lè kó àwọn tó ń tẹ̀ lé e kúrò lórí Twitter bẹ́ẹ̀?

Kó tó di pé a kọ́ tiwa

Ó ní ohun tó ń náni o. Bí kọ́kọ́rọ́ ẹ bá sọnù pátápátá, kò sí ọ́fíìsì tó o fẹ́ lọ bẹ̀. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lórí blockchain, ọ̀rọ̀ tó o fi ìbínú kọ kò ṣeé kó kúrò nílẹ̀. Bó o tiẹ̀ tún un kọ, ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ìwé. Ìjọba ṣì lè ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ìkànnì kan pa. Ohun tó kàn yàtọ̀ ni pé èèyàn lè ṣí ìkànnì míì sórí ìwé kan náà. Bó bá sì jẹ́ owó nìkan ló fa èrò wá, ọjọ́ tí owó náà bá já wálẹ̀ ni èrò á tú ká.

Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ápù bẹ́ẹ̀ wá bá yín, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tó ń san. Ẹ bi í pé: ta ló mú ìwé? Báwo la ṣe ń ka ìbò? Bí ìjà bá dé, ṣé mo lè kó ẹrù mi jáde? Bí kò bá rí ìkẹta yẹn dáhùn, alájọ tó mú ìwé nìkan lẹ tún bá pàdé yẹn.