Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀sì Kì Í Rìn: Kérésìmesì ní New Cross

 Iná aláràbarà ti ń tàn lójú fèrèsé àwọn ilé ní New Cross, èrò sì ti ń rọ́ lu ara wọn ní Rye Lane ní Peckham. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàrin wa ń bi wá léèrè pé, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣọdún níhìn-ín? Ìbéèrè náà dára. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwa náà ti jẹ́ àlejò bẹ́ẹ̀ rí, ìdí nìyí tí a fi ń sọ èyí tí ojú wa rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rán ara wa létí bí ó ti máa ń rí nílé. Nílé, ọdún kì í ṣe ti inú ilé nìkan, ti gbogbo àdúgbò ni. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìkòkò ìrẹsì ti wà lórí iná ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọdé á wọ aṣọ tuntun, wọn á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láti kí àwọn àgbà àti láti gba owó ọdún. Àwọn ìyá wa á bu ìrẹsì àti ẹran sínú abọ́, wọn á ní kí a gbé e lọ fún àwọn aládùúgbò tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, nítorí pé àwọn náà ti fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí wa. Lẹ́yìn oúnjẹ, ìgbafẹ́ ló kù. Àwọn ará Ìbàdàn á gba ọgbà ẹranko Yunifásítì lọ, tàbí kí wọ́n lọ sí Agodi. Àwọn òbí wa tí wọ́n dàgbà ní Èkó a máa sọ fún wa nípa Bàbá Kérésìmesì tí wọ́n máa ń lọ wò ní ilé ìtajà Kingsway ní Marina, àti nípa etíkun Bar Beach, kí wọ́n tó fi yanrìn dí òkun ibẹ̀ láti kọ́ Eko Atlantic. Ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ni ìgboro máa ń kún jù lọ.

Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé ṣe ní New Cross, a rò pé bákan náà ni yóò rí. Àǹtí ọ̀kan nínú wa tí ó ń gbé ní Tottenham, ní àríwá London, ti ní kí a wá jẹun. Nítorí bẹ́ẹ̀, a kò ra nǹkan sílé. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, a wọ bùbá àti ṣòkòtò tuntun, a da kóòtù bò ó, ó di ìdíkọ̀ bọ́ọ̀sì tí ó wà ní New Cross Gate. A dúró títí. Ojú ọ̀nà tí kì í dákẹ́ tọ̀sán tòru dá páropáro. A ń sọ fún ara wa pé bóyá oorun ló gbé awakọ̀ lọ. Ó tó ìṣẹ́jú 40 kí bàbá arúgbó kan, ọmọ Jamaica, tí ó ń mú ajá rẹ̀ rìn kiri, tó dúró tì wá. Ó wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, bọ́ọ̀sì kì í rìn lónìí. Ẹ padà sílé."

Bọ́ọ̀sì kò sí, ọkọ̀ ojú irin kò sí, ti abẹ́ ilẹ̀ náà kò sí. Owó tí onítakisí pè ju owó oúnjẹ wa fún ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àǹtí wa kò ní mọ́tò. A padà sílé tìtìjú-tìtìjú. Ẹyin mẹ́rin àti ìdajì búrẹ́dì ni a bá ní kíṣìnì. Ẹyin náà ni a ń dín lọ́wọ́ tí a fi gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Yorùbá tí ó ń gbé nísàlẹ̀ wa ni. Màmá Ìsàlẹ̀ ni a máa ń pè é láàrin ara wa. Mùsùlùmí ni wọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe, débi pé fún oṣù mẹ́ta, "ẹ káàárọ̀, mà" lórí àtẹ̀gùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n ní, "Mo rí yín tí ẹ múra jáde, mo tún gbọ́ ẹsẹ̀ yín tí ẹ padà wọlé. Ṣé kò sí o?" A ròyìn fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ojú wọn le. Wọ́n ní, "Ẹ wá dákẹ́ sórí mi níbí? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ pa iná yẹn, kí ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀." Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata wọn ni a jẹ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ojú tún tì wá díẹ̀. Nílé, àwa ni à ń gbé abọ́ lọ fún Mùsùlùmí lọ́jọ́ Kérésìmesì. Níhìn-ín, Mùsùlùmí ni ó wá gbé wa.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ọdún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti abẹ́ òrùlé ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, awakọ̀ náà wà nílé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2004 kò gba ṣọ́ọ̀bù ńlá, èyí tí ó fẹ̀ ju 280 mítà alábala mẹ́rin lọ, láyè láti tajà lọ́jọ́ náà ní England àti Wales. Onílé á tú ẹ̀bùn tí wọ́n kó sábẹ́ igi, wọn á jẹ tòlótòló àti ọ̀dùnkún, nígbà tí ó bá di agogo mẹ́ta ọ̀sán, wọn á gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọba. Ọba George Karùn-ún ni ó bẹ̀rẹ̀ àṣà náà lórí rédíò ní 1932. Ní 1957 ni Ọbabìnrin Elizabeth kọ́kọ́ sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Kí agogo mẹ́rin tó kọjá dáadáa, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tí kò bá ní ilé tí yóò wọ̀, ìta kò ní nǹkan kan fún un.

Ìgbafẹ́ wà o, ṣùgbọ́n ó ní àsìkò tirẹ̀: kí ọjọ́ náà tó pé, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Láti New Cross, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 453, kí ẹ jókòó sókè. Yóò gbé yín dé Trafalgar Square, níbi tí igi gíga kan máa ń wà. Àwọn ará Oslo ní Norway ni wọ́n ń fi igi náà ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti 1947. Nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ wọn ní 1940, London ni ọba wọn, Haakon Keje, àti ìjọba rẹ̀ sá wá. Ogun ti parí tipẹ́, wọn kò ṣíwọ́ ọpẹ́ dídú. Yorùbá ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó dà bí ẹni pé àwọn ará Norway náà gbọ́ ọ. Bọ́ọ̀sì kan náà yóò gba Regent Street kọjá, níbi tí wọ́n ti ń tan iná ọdún láti 1954. Ti Oxford Street tí ó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Iná wíwò kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Winter Wonderland ní Hyde Park, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ẹ jẹun yó kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n. Bọ́ọ̀sì 177 yóò gbé yín lọ sí ọjà Greenwich. Ní ọjọ́ Kérésìmesì fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni ọkọ̀: ẹ gun òkè Telegraph Hill láti New Cross Gate, ẹ ó rí ààrin gbùngbùn London láti ibẹ̀.

Ìṣòro ẹni tí kò ní ilé ẹbí níhìn-ín kì í ṣe tuntun. Ní 1925, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó wá kọ́ òfin, pẹ̀lú Herbert Bankole-Bright ti Sierra Leone àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní London. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onílé kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ṣólańkẹ́ padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń gba owó jọ kiri láti ìlú dé ìlú, títí tí wọ́n fi ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Town ní 1933. Bí akẹ́kọ̀ọ́ igba nì bá lè ṣí odindi ilé, kí ni ó dé tí àwa kò lè ṣí ilẹ̀kùn yàrá?

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ni a ní. Èkíní, kí ó tó di ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, kí olúkúlùkù sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ibi tí òun yóò wà lọ́jọ́ ọdún. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwa tí a dúró ní ìdíkọ̀ ni ìtìjú tọ́ sí. Èkejì, bí ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ bá jìn, ọjọ́ 24 ni kí ẹ ti lọ, kí ẹ mú aṣọ oorun dání. Ní ọjọ́ 26, bọ́ọ̀sì yóò tún máa rìn, ṣùgbọ́n kì í pọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹ ra oúnjẹ sílé, ìbáà jẹ́ pé wọ́n pè yín síbòmíràn. Ẹ̀kẹrin, kí ẹ mọ ẹni tí ó ń gbé nísàlẹ̀ yín àti lókè yín.

Ní tiwa, ilé wa ní New Cross yóò wà ní ṣíṣí láti agogo méjìlá ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ìrẹsì wà, ẹran wà, àga ni kò tó. Màmá Ìsàlẹ̀ ti ní àwọn ni yóò jókòó sí orí tábìlì lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá lè fẹsẹ̀ rìn dé, kó máa bọ̀. Ẹni tí kò bá lè rìn dé, kó wá sùn mọ́jú.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.